Àmì Ìdánudúró Tó Dá Wà Lórí Ìlà

Ní ọdún 1991, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà Yorùbá sí mi lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ti ra "oko". Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí àmì ìsàlẹ̀. Mo jókòó tì í. Ṣé oko tí a ń dá ni àbí ọkọ́ tí a fi ń ro ó? Ṣé ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń gbé lọ́wọ́ ni? Nígbà tó yá ni mo rántí irú ènìyàn tí ọ̀rẹ́ mi jẹ́ àti irú ìlú tó ń gbé, mo sì mọ̀ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ní lọ́kàn. Mo rẹ́rìn-ín, mo dá èsì padà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe àìbìkítà ọ̀rẹ́ mi ló bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ yẹn. Òfin àkọsílẹ̀ ni.

Òfin náà wà nínú ìwé tí Jon Postel, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1982, tí wọ́n ń pè ní RFC 821. Lẹ́tà ti ń ti orí kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn ṣáájú àkókò náà. Ray Tomlinson ti ṣe é ní ọdún 1971, òun náà ló sì fi àmì @ sáàárín orúkọ ènìyàn àti orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé Postel ló là á sílẹ̀ bí ẹ̀rọ méjì tí kò mọ ara wọn rí yóò ṣe gba lẹ́tà lọ́wọ́ ara wọn. Àmì 128 péré ló gbà kí ó wà nínú lẹ́tà: ábídí Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà, àmì ìkọ̀wé, àti àwọn àṣẹ díẹ̀ fún ẹ̀rọ. Kò sí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú ìwé náà ni pé ìkíni ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó gbé lẹ́tà wá yóò kọ́kọ́ sọ pé HELO, yóò sì dárúkọ ara rẹ̀; onílé yóò fi 250 dá a lóhùn, èyí tó túmọ̀ sí pé kò séwu. Àlejò yóò wá sọ ẹni tó kọ lẹ́tà àti ẹni tí a kọ ọ́ sí. Yóò sọ pé DATA, onílé yóò fi 354 fún un láyè, lẹ́tà yóò sì máa wọlé ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Báwo ni onílé yóò ṣe mọ̀ pé ó ti parí? Àlejò yóò fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ránṣẹ́, tí yóò dá wà lórí ìlà tirẹ̀.

Kí ni a wá ń pè ní ìlà? Ìbéèrè ọmọdé nìyí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Òfin ní àmì méjì tó tẹ̀lé ara wọn ló gbọ́dọ̀ parí ìlà: CR, tó ní kí ẹ̀rọ padà sí etí ìwé, àti LF, tó ní kí ó sún ìwé sókè. Ogún ayé àtijọ́ ni méjèèjì, láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń gbá tìrítìrí tí ó sì nílò àkókò láti padà sẹ́yìn. Àwọn tó ṣe Unix ka èyí sí àṣejù, LF nìkan ni wọ́n fi ń parí ìlà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì kan ránṣẹ́ níbi tí òfin ti bèèrè méjì, àwọn tó ń gbà á náà sì ń gbójú fò ó.

Wọ́n ní ẹni tí wọ́n gbé ara lé. Ní ọdún 1980, nínú ìwé tó kọ lórí TCP, Postel kan náà gba àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣọ́ra nínú ohun tí wọ́n bá ń ṣe, kí wọ́n sì lawọ́ nínú ohun tí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìmọ̀ràn àgbà ni, n kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rọ onírúurú lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́ ìdánwò. Ṣùgbọ́n apá kejì rẹ̀ ni àwọn ènìyàn gbọ́ jù. Ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò gba ohunkóhun lọ́wọ́ òun, kí ni yóò mú un ṣọ́ra?

Àwa náà mọ irú rẹ̀. Ní ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tó sọ "aiye" di "ayé" àti "enia" di "ènìyàn", síbẹ̀ "Offa" ni wọ́n ṣì ń kọ fún Ọ̀fà lórí pátákó ojú ọ̀nà. Ó ń bí mi nínú, mo gbà, ṣùgbọ́n kò mú ẹnikẹ́ni ṣìnà, nítorí ènìyàn ló ń kà á. Èmi tí mo ka "oko" tí mo sì mọ̀ pé ọkọ̀ ni, mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀rọ kò mọ ẹnì kankan. Bí a bá ní kí ó gba àṣìṣe mọ́ra, àfi kí ó méfò, ẹ̀rọ méjì kì í sì í méfò bákan náà.

Daniel Bernstein, onímọ̀ ìṣirò tó ṣe ètò tí wọ́n ń pè ní qmail, kọ̀ láti méfò. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni ètò rẹ̀ ti ń dá lẹ́tà tí LF nìkan bá parí ìlà rẹ̀ padà, ó sì kọ àlàyé tí olúwarẹ̀ lè lọ kà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, RFC 2821, tí John Klensin ṣe olóòtú rẹ̀, gbè é lẹ́yìn: ẹ̀rọ tó ń gba lẹ́tà kò gbọdọ̀ gba LF nìkan gẹ́gẹ́ bí òpin ìlà, ìbáà ṣe lórúkọ ìlawọ́. Òfin wà, ọ̀pọ̀ kò sì tẹ̀lé e.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ríbi wọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Timo Longin, olùwádìí ní ilé-iṣẹ́ SEC Consult, fi hàn bí ènìyàn ṣe lè fi lẹ́tà kan pa mọ́ sínú lẹ́tà mìíràn. Yóò fi àmì ìdánudúró kan sórí ìlà tirẹ̀ láàárín lẹ́tà, ṣùgbọ́n yóò ṣe òpin ìlà náà ní àbọ̀. Ẹ̀rọ kìíní kò ka ìyẹn sí ìparí, yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ bó ṣe wà, bẹ́ẹ̀ òfin ní kó má fi irú ìlà àbọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀rọ kejì, tó lawọ́, yóò ní lẹ́tà ti parí síbẹ̀. Ohun tó kù yóò wá di àṣẹ tuntun: orúkọ mìíràn, lẹ́tà mìíràn. Nítorí pé ọwọ́ ẹ̀rọ tí a fọkàn tán ló ti wá, ayédèrú orúkọ náà yóò kọjá níwájú àwọn aṣọ́nà. Postfix, Sendmail àti Exim, àwọn ètò tó ti ń gbé lẹ́tà ayé láti ọdún gbọọrọ, ni ọ̀ràn náà kàn. Postfix kọ́kọ́ mú àtúnṣe wá gẹ́gẹ́ bí ohun tí alákòóso lè yàn. Nínú ẹ̀dà 3.9 ti ọdún 2024 ni ó tó di dandan fún ẹni tí kò bá yàn án kúrò.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kì í ṣe ìfọwọ́-dan-in-mú òfin yìí kan náà ló gba àmì lórí ọ̀rọ̀ wa? Òun ni. Àwọn kan sì wà nígbà náà tí wọ́n rú u, tí wọ́n ń fi àmì tó ju 128 lọ ránṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà tó ń pa òfin mọ́ gé orí àwọn àmì náà, lẹ́tà sì dé bí àfọ̀ṣẹ tí kò ní ìtumọ̀. Ohun tó yọ wá ni pé Nathaniel Borenstein àti Ned Freed jókòó kọ òfin mìíràn, MIME, ní oṣù Kẹfà ọdún 1992, tó sọ bí a ó ṣe fi àmì 128 yẹn di àmì èdè gbogbo, kí ẹni tó gbà á sì tú u. Ní ọdún 1993, ìkíni tuntun, EHLO, wọlé: àlejò tó bá fi í kíni, onílé yóò ka ohun tó lè ṣe fún un. Ní ọdún 2012, òfin gbà pé kí àdírẹ́sì gan-an wà ní ábídí tó bá wu oníkálukú.

Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà rẹ̀ tó dé kẹ́yìn pé, tàmì tohùn. Oko ló rà lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́bàá Ìbàdàn, ó sì ń wá ẹni tí yóò bá a gbin ẹ̀gẹ́.