Ète Ọdún kan fún Ẹṣin: Láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Ṣàṣà ni olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì kọ ọ̀rọ̀ yìí sára pátákó rí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń ronú kan ẹṣin fúnra rẹ̀, ẹranko tí àwọn àgbà fi ṣe àkàwé. Kí ẹṣin tó lè wúlò fún ẹni tí ń wá nǹkan tó sọnù, ẹnì kan ti ní láti kọ́ ọ láti gba ìjánu sẹ́nu, láti gba gàárì sẹ́yìn, àti láti dúró nígbà tí a bá ní kí ó dúró. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí oṣù kan. Ọdún ni a fi ń kà á. Ìtàn ẹṣin ní ilẹ̀ Yorùbá sì jẹ́ ìtàn ìjọba ńlá kan tí ó ní agbára láti ra ẹṣin, ṣùgbọ́n tí àrùn kò jẹ́ kí ẹṣin rẹ̀ pẹ́ láyé tó bí ó ti yẹ.

Láti ayébáyé ni àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti mọ ọgbọ́n pípín ẹ̀kọ́ ẹṣin sí ìgbà àti àkókò. Ní nǹkan bí 3,400 ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kikkuli, ará ilẹ̀ Mitanni, ṣe ìlànà bí a ó ti máa múra àwọn ẹṣin tí ń fa kẹ̀kẹ́ ogun sílẹ̀. Orí wàláà amọ̀ ni a kọ ọ́ sí, a sì rí àwọn wàláà náà ní Hattusa, olú ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí. Ohun tí ó wà nínú wọn dàbí ìlànà iṣẹ́ tí olùkọ́ ń kọ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé: bí ẹṣin yóò ti rìn jìnnà tó lónìí, ìwọ̀n oúnjẹ tí yóò jẹ ní ọ̀la, ọjọ́ tí a ó wẹ̀ ẹ́, àti ọjọ́ tí yóò sinmi. Ètò náà ju oṣù mẹ́fà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ní nǹkan bí 350 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, Xenophon ará Gíríìkì, tí ó ti jẹ́ balógun rí, kọ ìwé lórí gígun ẹṣin. Ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbínú bá ẹṣin lò, nítorí pé ohun tí a bá fi ipá mú ẹran ṣe kò lè yé e, kò sì lè dára lójú.

Nínú irú ẹ̀kọ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní dressage, èyí tí ó wọ inú eré Òlímpíìkì ní Stockholm ní 1912, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lókìkí jùlọ wà ní Vienna, olú ìlú Austria. Àwọn akọ ẹṣin funfun tí a ń pè ní Lipizzaner ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ẹṣin bá tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kìíní, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀: kí ó máa lọ síwájú tààrà, pẹ̀lú ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, láìbẹ̀rù. Ní ọdún kejì ni yóò kọ́ bí a ti ń yípo, bí a ti ń tẹ ara sí ọ̀tún àti sí òsì, àti bí yóò ti máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbé ìwúwo ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a tó ń mú un wọ ẹ̀kọ́ gíga. Ó máa ń tó ọdún mẹ́fà kí ẹṣin kan tó mọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ọdún kẹta lé ẹṣin ọdún kìíní lọ́wọ́ yóò ba ẹṣin náà jẹ́, ohun tí ó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í rọrùn láti tún ṣe.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀yọ́ Ilé ni ó ní ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tí ó lágbára jùlọ. Inú ilẹ̀ ọ̀dàn ní apá àríwá ni ìlú náà wà, níbi tí koríko ti pọ̀ tí igbó kò sì di. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Tápà àti àwọn ará àríwá mìíràn ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú ẹṣin wọn. Òwò yìí kò mọ́: ẹrú tí a tà ní etí òkun ń di ọjà òyìnbó, ọjà òyìnbó ń di ẹṣin, ẹṣin sì tún ń lọ sí ogun láti kó ẹrú wá. Ipò ẹṣin ga ní ààfin tó bẹ́ẹ̀ tí Olókùn-ẹṣin fi jẹ́ oyè ńlá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ka ẹni tí ń jẹ oyè náà mọ́ àwọn tí ń bá Aláàfin kú.

Ojú méjì ni ọdún àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ní. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń jagun. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n a padà sílé. Àwọn ará Dàhọ̀mì mọ àṣírí yìí dáadáa. Bí agbára Ọ̀yọ́ bá ti pọ̀ jù fún wọn, inú igbó ni wọ́n ń sá sí títí òjò yóò fi lé ẹlẹ́ṣin padà sí àríwá.

Ogun 1726 fi hàn bí ẹ̀kọ́ tí a kò kọ́ ẹṣin ti lè ná ìjọba lówó tó. Ní ọdún náà ni Ọ̀yọ́ gbógun ti Agaja, ọba Dàhọ̀mì. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí ó dé ọ̀dọ̀ Agaja ní 1727, kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé tí a tẹ̀ ní 1734. Ó ní ìró ìbọn dẹ́rù ba àwọn ẹṣin Ọ̀yọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń gùn wọ́n kò fi lè mú wọn já lu ọ̀tá. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Dàhọ̀mì fi ọtí líle sílẹ̀ fún wọn, tí wọ́n sì padà wá kọlù wọ́n nígbà tí wọ́n ti mu ún yó. Ọtí ni àwọn ènìyàn máa ń rántí nínú ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹṣin ni ó ṣáájú. A lè mú kí ìró ìbọn mọ́ ẹṣin lára, bí a bá ń yìn ín lókèèrè lákọ̀ọ́kọ́, tí a sì ń sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni, ẹṣin tí yóò kọ́ ọ sì ní láti yè. Ọ̀yọ́ kò jókòó ti ìjákulẹ̀ náà: wọ́n padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, títí Dàhọ̀mì fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀.

Ọ̀tá tí Ọ̀yọ́ kò lè ṣẹ́gun kéré ju ìbọn lọ. Ní nǹkan bí 1895, David Bruce, dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì, rí i ní Zululand pé eṣinṣin tsetse ni ó ń gbé kòkòrò àìfojúrí kan láti ara ẹran kan dé ara òmíràn, tí ẹran yóò sì máa rù títí yóò fi kú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá ti ń sún mọ́ igbó ni ewu yìí ń pọ̀ sí i. Nítorí náà ni Ọ̀yọ́ fi ní láti máa ra ẹṣin tuntun ní gbogbo ìgbà. Ìmọ̀ wà lórí ẹlẹ́ṣin, ṣùgbọ́n ẹṣin tí ó kọ́ lọ́dún yìí lè má sí láyé lẹ́ẹ̀mìíràn. Ẹ̀kọ́ a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjánu.

Ìjọba tí ó bá ń ra ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á fún un. Ní 1783, àwọn Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́. Ní nǹkan bí 1791, àwọn Tápà, tí ẹṣin ti ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá, náà ṣẹ́gun rẹ̀. Ní nǹkan bí 1817 ni Àfọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin. Nígbà tí ìlú náà sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wọlé di ọ̀nà ọ̀tá. Ní nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin pẹ̀lú kò borí lọ títí: ní nǹkan bí 1840 ni Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn ní Òṣogbo, níbi tí ilẹ̀ igbó kò ti gba ẹṣin láyè.

Síbẹ̀, ilẹ̀ kan wà tí ó gba ẹṣin láyè dé etí òkun. Igbó kìjikìji Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní àlàfo kan láàárín, ilẹ̀ ọ̀dàn gbígbẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè Accra, tí ó gba Tógò kọjá, tí ó sì dé ilẹ̀ Dàhọ̀mì àtijọ́. Inú àlàfo yìí ni ẹṣin Ọ̀yọ́ gbà sọ̀kalẹ̀ lọ bá Agaja. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ni Madina wà, ní ẹ̀gbẹ́ Legon tí University of Ghana wà. Ní 1959 ni Alhaji Seidu Kardo tẹ ìlú náà dó lórí ilẹ̀ àwọn ará La, wọ́n sì fi orúkọ ìlú mímọ́ tó wà ní ilẹ̀ Árábíà sọ ọ́.

Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú àwọn àlejò tí ó ti ń ṣòwò ní Gánà ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ìgbòho, ìlú tí ó ti jẹ́ olú ìlú Ọ̀yọ́ nígbà kan rí. Ọmọ ilẹ̀ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí ọ̀pọ̀ fi ogún ọdún kó jọ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn náà, bí ẹlẹ́ṣin àtijọ́, tún ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjánu.

Láti 1902 ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù polo ti wà ní Accra. Láti àwọn ọdún 1950 wá sì ni oògùn tí ó dára ti ń jáde fún àrùn tí tsetse ń gbé. Ohun tí Ọ̀yọ́ kò ní ti wá wà: ẹṣin tí a lè retí pé yóò rí ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ẹṣin ní Madina lónìí lè jókòó kọ ète ọdún kan sílẹ̀. Ìgbà ọyẹ́, tí òwúrọ̀ tutù tí ilẹ̀ sì gbẹ, ni yóò fi kọ́ ohun tuntun. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, tí òjò ń rọ̀ tí ilẹ̀ sì ń yọ̀, ni yóò fi tún ohun tí ẹṣin ti mọ̀ ṣe, tí yóò sì jẹ́ kí ó sinmi. Ohun kan ni yóò yàn fún ọdún náà, kì í ṣe mẹ́wàá. Ara ẹṣin ni yóò fi mọ̀ bí ète náà bá pọ̀ jù: bí ó bá ń rù, bí ó bá ń kọ ìjánu, bí ẹ̀rù ohun tí kò bà á tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, ète ni kí ó dín kù, kì í ṣe pàṣán ni kí ó fi kún un.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni t'ẹ̀yìn ń wò sáré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí t'ẹ̀yìn tó lè wò ó, ẹṣin iwájú ní láti yè títí t'ẹ̀yìn yóò fi dé.