Kókó Tí Kì Í Dunni

Ìborùn aláró ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí a ń pè ní Màmá, fi máa ń bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọn tó wú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún Màmá, wọ́n po agbo, wọ́n ní akokoro ni. Kò dùn wọ́n, kò sì yé wú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ọdún kẹfà ni a tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín.

Ìgbà tí èmi náà kọ́ iṣẹ́ eyín ni mo tó mọ orúkọ ohun tó ṣe wọ́n: ameloblastoma. Lára ohun tí Ọlọ́run fi ń mọ eyín nínú egungun párì ló ti ń hù. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ egungun bí ikán ṣe ń jẹ òpó.

Àìsàn náà kì í ṣe tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àfiṣe. Cusack ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Dublin ní 1827. Malassez, ará Faransé, pè é ní adamantinoma ní 1885. Ní 1930, Ivey àti Churchill fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Nílẹ̀ wa, Akinosi àti Williams tẹ ìwádìí jáde nípa rẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1969. Ní 1980, Adekeye kọ ti aláìsàn 109 jáde.

Ọwọ́ àwọn àgbà iṣẹ́ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dá a mọ̀. Ẹ fi ìka tẹ ibi tó wú: bí egungun bá ti fẹ́lẹ́, á máa dún bí èèpo ẹyin tó fẹ́ fọ́. Nínú ẹ́ksíréè, á dà bí ọṣẹ tó hó. Ṣùgbọ́n àpò omi lásán lè jọ ọ́, nítorí náà a ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀, a ó wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Ibẹ̀ lẹjọ́ ti ń parí.

Híhọ ni wọ́n họ ti Màmá nígbà àkọ́kọ́. Lọ́dún kẹrin, ó tún yọjú. Irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ pé kí wọ́n gé egungun tó dá ṣáká kún èyí tó bàjẹ́, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà kan. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, wọ́n sì fi egungun ìhà Màmá dí àlàfo náà. Kò padà mọ́. Ìborùn aláró bọ́ sí èjìká, níbi tó yẹ ẹ́.

Bí párì yín bá wú tí kò dùn yín, tí eyín sì ń yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, ẹ má wá ìborùn. Ẹ lọ ya ẹ́ksíréè.