Bí A Ṣe Ń Ṣàyẹ̀wò Iná Ìkìlọ̀ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ àti Wáyà Rẹ̀

Iná kékeré kan wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ òde òní tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì. Òun ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń kìlọ̀ fún awakọ̀ pé nǹkan kò lọ déédéé. A ṣe àlàyé yìí nítorí pé iná náà fúnra rẹ̀ lè bàjẹ́, àwọn mìíràn a sì máa mọ̀ọ́mọ̀ pa á kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ má baà rí àléébù rẹ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́
Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí àwọn iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi tàn, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣáná sí ọkọ̀. Ó yẹ kí iná ẹ́ńjìnnì tàn pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá ṣáná tán, ó yẹ kí ó kú.

Bí kò bá tàn rárá
Bí àwọn iná yòókù náà kò bá tàn, ẹ yẹ bátìrì àti fíúùsì wò. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni kò tàn, gílóòbù rẹ̀ lè ti jó, wáyà rẹ̀ lè ti já, tàbí kí ẹnìkan ti yọ ọ́. Bí ọkọ̀ náà kò bá sì ṣáná, ó ṣeé ṣe kí iná má dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà.

Bí kò bá kú
Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi sìkánà yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ihò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí sìkánà kò bá rí kóòdù kankan, ẹ fura sí wáyà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, fóltì 12 ń gba inú fíúùsì dé gílóòbù, kọ̀ǹpútà ló sì ń fún un ní ẹ́ẹ̀tì. Bí ara wáyà àárín àwọn méjèèjì bá bó, tó kan irin ọkọ̀, iná kò ní kú. Kí réwáyà tú orí bátìrì, kí ó yọ ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà, kí ó dá orí bátìrì padà, kí ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣì tàn, wáyà náà ló kan irin.

Bí ó bá ń ṣẹ́jú
Ẹ dín eré kù, kí ẹ sì dúró níbi tí kò léwu. Epo tí kò jó dáadáa lè ba ẹ̀yà tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́ jẹ́.

A rọ̀ yín kí ẹ ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ yìí kí ẹ tó san owó ọkọ̀ èyíkéyìí. Iná tí kò tàn kì í ṣe ẹ̀rí pé ara ọkọ̀ le.