Apínbọ́ọ̀lù Àṣẹ̀ṣẹ̀dé: Bí A Ṣe Lè Sọ Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Yorùbá

Ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìbẹfun àti ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ ní Amẹ́ríkà. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí màmá àgbà bá sì bi í lórí fóònù pé, "Ọkọ mi, iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ní kó o máa ṣe nínú bọ́ọ̀lù yẹn?", ọ̀rọ̀ á há mọ́ ọn lẹ́nu. Kì í ṣe pé ọmọ náà ò gbọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi dáhùn ni kò sí nílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń jẹ́ orúkọ wa ló wà nídìí eré náà. Olumuyiwa Fashanu, tí wọ́n ń pè ní Olu, ni ẹni kọkànlá tí wọ́n mú nígbà tí àwọn ikọ̀ ńlá ń yan ọ̀dọ́ ní ọdún 2024, New York Jets ló sì mú un. Olusegun Oluwatimi gba àmì-ẹ̀yẹ Rimington àti ti Outland ní 2022 nígbà tó wà ní Yunifásítì Michigan, Seattle Seahawks sì mú un ní 2023. Ọ̀nà kan náà ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì: àwọn ló ń dáàbò bo ẹni tí gbogbo eré rọ̀ mọ́, ẹni tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní kọ́tábáàkì. Ó dùn mí pé ọmọ tó ń jẹ́ Olúmúyìwá lè ṣe iṣẹ́ kan débi tí ayé fi mọ̀ ọ́n, kí èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ má sì rí nǹkan kan pe iṣẹ́ náà. Ìgbàgbọ́ mi ni pé a lè sọ eré yìí ní Yorùbá tó já gaara, bí a bá ti inú iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fa orúkọ rẹ̀ yọ, tí a sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bí òmíràn.

Àwọn aṣáájú wa ti la ọ̀nà náà sílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, wọ́n fi hàn pé kò sí ẹ̀kọ́ tó ga ju èdè wa lọ. Àwọn oníròyìn náà ò sì káwọ́ gbera. Ẹ wo akọ́nimọ̀ọ́gbá. Kò sẹ́ni tó jókòó túmọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan kó tó dé ibẹ̀. Wọ́n wo ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe: ó ń kọ́ni, kí a lè mọ̀ ọ́n gbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ́lé. Nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 17 dé pápá ìṣeré Ìjẹ̀bú-Òde ní 2009, ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló kún ẹnu gbogbo ènìyàn, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni bí àjèjì.

Ká kọ́kọ́ mú orúkọ eré náà. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti ní olówó, a ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ kì í sáàbà kan bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, wọ́n á sì sáré. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni àgbésá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé nǹkan sá, olè la mọ̀ ọ́n sí. Fi sílébù kan kún un, àbùkù náà á kúrò: bọ́ọ̀lù àgbésáré. Ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti gba bọ́ọ̀lù mọ́ àyà kó sì máa sá lọ, agbésáré nìyẹn.

Nínú eré yìí, ènìyàn mọ́kànlá kọjú sí mọ́kànlá. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fún ọ̀wọ́ akọlù láti fi gbé bọ́ọ̀lù rin yáàdì mẹ́wàá. Bí wọn ò bá rìn ín tán, bọ́ọ̀lù di ti ẹlòmíràn. Mi ò lo ọwọ́ iwájú àti ọwọ́ ẹ̀yìn tí a ń lò nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, nítorí níbí, bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ikọ̀ kan, gbogbo àwọn akọlù ló ń jáde, àwọn adínà á sì wọlé rọ́pò wọn. Ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n lóòótọ́. Yáàdì ni kí ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà: àwọn tó ń ta ankárá àti léèsì ti sọ ọ́ di tiwa tipẹ́. Ìgbà mẹ́rin náà kò nílò orúkọ tuntun rárá. "Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ku yáàdì méje": ẹni tó bá gbọ́ èyí lórí rédíò ti mọ bí ọ̀ràn ṣe le tó.

Nígbà náà, kí ni ká pe ẹni àárín, ẹni tí gbogbo ètò ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde? Àwọn kan á ní balógun. Ṣùgbọ́n balógun ikọ̀ ti wà, aṣọ́lé pàápàá sì lè jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn á ní atukọ̀. Atukọ̀ dára létí, àmọ́ ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe, kò ní fi iṣẹ́ náà hàn yín. Ẹ wo ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i. Ó lè fà á lé agbésáré lọ́wọ́, ó lè jù ú fún ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì lè mú un lọ fúnra rẹ̀. Pínpín ni iṣẹ́ rẹ̀. Apínbọ́ọ̀lù ni orúkọ rẹ̀.

Ohun tó mú mi yan pín ni pé ó ń bímọ. Ètò kan wà tí apínbọ́ọ̀lù ti máa ń tẹjú mọ́ adínà kan ṣoṣo: bí adínà náà bá sá lé agbésáré, apínbọ́ọ̀lù á mú bọ́ọ̀lù pamọ́, á sì sá gba ibi tó ṣófo, ṣùgbọ́n bí adínà náà bá dúró de apínbọ́ọ̀lù, agbésáré ló máa gbà á. Wò ó, kó o tó pín in: ètò àwòpín nìyẹn. Atukọ̀ ò lè bí irú ọmọ yìí.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú iṣẹ́ ńlá yìí náà ń fẹ́ orúkọ. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kọ́, nítorí owó gidi ni wọ́n ń san fún un. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á mú wa ronú kan ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ọ̀gbẹ̀rì sì ń ta bí èébú. Àṣẹ̀ṣẹ̀dé ló bá a mu, ó sì ní ìbátan nínú òwe: àṣẹ̀ṣẹ̀yọ ọ̀gọ̀mọ̀ tó lóun ó kan ọ̀run. Gbogbo àwọn tí wọ́n yàn lọ́dún kan náà, Ìjẹ̀bú ti mọ ohun tí wọ́n ń pe irú wọn. Ẹni tó bá ti dúró wo Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́-orí kan náà. Fashanu àti Jayden Daniels, apínbọ́ọ̀lù tí Washington Commanders mú ṣe ẹnì kejì ní 2024, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà ni wọ́n.

Daniels yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ̀wọ́ akọlù yí àṣẹ̀ṣẹ̀dé ká. Ní 2023, Washington borí lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá. Nígbà tí Daniels dé, Kliff Kingsbury tó ń ṣètò ìkọlù kò ní kó gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀ ní yunifásítì. Ó jẹ́ kó máa dúró jìnnà díẹ̀ sẹ́yìn ajùsẹ́yìn, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i, bó ṣe ti mọ́ ọn lára, kó lè ríran dáadáa. Ó fi ètò àwòpín kún un, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ náà yá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í kóra jọ sọ̀rọ̀ láàárín ìgbà kan sí èkejì, kí àwọn adínà má bàa ráyè pa ète dà. Wọ́n sì fi àgbà sí i nítòsí: Zach Ertz, tó ti bá ikọ̀ Philadelphia gba ife-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ, ló ń dúró gba bọ́ọ̀lù kúkúrú nígbà tí ọ̀nà jíjìn bá dí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìgbà 12 ni Washington borí lọ́dún náà nínú 17, Daniels sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá yáàdì 891, èyí tí àṣẹ̀ṣẹ̀dé apínbọ́ọ̀lù kankan ò ṣe rí.

Mo ti dárúkọ ajùsẹ́yìn. Òun ló ń gba àárín ẹsẹ̀ ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láti fi bẹ̀rẹ̀ eré. Iṣẹ́ Oluwatimi nìyẹn. Mo kọ atabọ́ọ̀lù sílẹ̀, torí pé ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù lọ́jà náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn mẹ́rin tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ ni ọgbà apínbọ́ọ̀lù, aṣọ́gbà sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ àpò aṣọ pe ibi tí apínbọ́ọ̀lù ń dúró sí. Bí a bá túmọ̀ ìyẹn, kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ní ọgbà, ìyókù á tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wà nínú ọgbà. Ọgbà ń mì. Ọgbà wó. Ó sá jáde nínú ọgbà. Bí adínà bá wọlé bá a tó sì gbé e ṣubú, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ja ẹkẹ ti wà: ó dá a.

Ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́ọ̀ọ́kán ló le jù láti sọ lórúkọ. Agbàbọ́ọ̀lù ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ ohùn kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára agbábọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn wà tó ṣe wẹ́kú. Bí wọ́n bá ju ọsàn sí ọmọ, tó na ọwọ́ mú un lófúrufú, a ní ó hán an. Ahánbọ́ọ̀lù ni. Bí adínà bá sì já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, àjágbà nìyẹn.

Àjágbà ni ẹ̀rù tó wà lọ́rùn àṣẹ̀ṣẹ̀dé. Àwọn adínà á dúró bí ẹni tó fẹ́ sá wọlé, àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá ṣe kúrò nílẹ̀, wọ́n á fà sẹ́yìn. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Peyton Manning, apínbọ́ọ̀lù tó padà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, fún àwọn adínà ní àjágbà 28 ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, 1998, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ikọ̀ rẹ̀ sì borí nínú 16. Pittsburgh gba ọ̀nà mìíràn fún àṣẹ̀ṣẹ̀dé tiwọn, Ben Roethlisberger, ní 2004: agbésáré ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, wọn kì í jẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù lójù. Gbogbo ìdíje 13 tó bẹ̀rẹ̀ kí ìpele àṣekágbá tó dé ló borí.

Orúkọ tí a bá dá gbọ́dọ̀ lè sáré pẹ̀lú eré. Ẹ jẹ́ ká dán wọn wò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá, ọdún 2024. Chicago ní 15, Washington ní 12, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ajùsẹ́yìn fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́. Daniels gbà á, ọgbà ń mì, ó sá jáde, ó yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún, àwọn adínà ò rí i dá. Ó ti lé ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kó tó ju bọ́ọ̀lù náà sókè réré. Àwọn adínà àti àwọn ahánbọ́ọ̀lù jọ fò sí i, ọwọ́ kàn án, ó ta sẹ́yìn, Noah Brown hán an. Ó délé! 18 sí 15. Kò sí ibi tí ahọ́n ti kọsẹ̀. Délé, ìyẹn kí bọ́ọ̀lù dé òpin pápá lọ́wọ́ akọlù, náà bá aṣọ́lé tan: níbi tí ẹnì kan ti ń ṣọ́ ilé, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè dé e.

Ní Òlíńpíìkì Los Angeles ní 2028, wọn yóò gbá ẹ̀yà eré yìí tí wọ́n ti ń fa ásíà yọ ní ìbàdí dípò kí wọ́n gbé ara wọn ṣubú. Ènìyàn márùn-ún ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọgbà ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n apínbọ́ọ̀lù wà, ahánbọ́ọ̀lù wà, àjágbà wà. Gbogbo ayé ni yóò máa wò ó, àwa náà á máa wò ó. Mo bẹ àwọn olóòtú eré ìdárayá lórí rédíò Yorùbá àti àwọn olùkọ́ èdè wa: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nísinsìnyí. Èyí tí ẹnu bá kọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá dúró, ẹ fi kọ́ ọmọ, kí ọmọ tó bá gba ìpè láti Ìbẹfun lè dáhùn pé, "Aṣọ́gbà ni mí, mà. Èmi ni mi ò ní jẹ́ kí wọ́n dá apínbọ́ọ̀lù wa."