Àwọn Òkè tí Kò Sí

Àwọn àgbà a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe iyèméjì sí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wá gbọ́ ìtàn Òkè Kong.

Ní ọdún 1796, Mungo Park, ará Scotland, dé Ségù, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí Odò Ọya tí ń ṣàn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Nígbà tí ó padà dé ilé, James Rennell ni ó ya àwòrán ilẹ̀ náà. Ọ̀mọ̀wé ni Rennell ní tòótọ́, òun ni ó ti wọn ilẹ̀ Bengal ní Íńdíà. Ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ tẹ etí Odò Ọya rí. Ó gbà pé odò náà kò wọ inú òkun, pé inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ń gbẹ sí. Kí ni yóò wá dènà odò ńlá bẹ́ẹ̀, tí kò fi ní yà sí gúúsù? Park ti sọ pé òun rí orí òkè mélòó kan lókèèrè, ní ìhà ilẹ̀ Kong. Èyí tó fún Rennell. Ní 1798 ó fa ọ̀wọ́ òkè gbọọrọ kan láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, bí ọgbà tí a fi ká oko. Báyìí ni a bí Òkè Kong: lórí tábìlì, kì í ṣe lórí ilẹ̀.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e ń wo tirẹ̀ kọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fà á gùn títí ó fi kan Òkè Òṣùpá.

Ibi tí ó pa ni lẹ́rìn-ín jù ni èyí tí ó kan àwa ará Òkè-Ògùn. Ní 1825 Hugh Clapperton gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ó gba Ṣakí kọjá, ó sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìn-ín-ní 1826. Nígbà tí ó rí àwọn òkè olókùúta wa, ó ní Òkè Kong nìyí! Àwọn òkè tí olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu onílé, a sọ wọ́n di ẹlẹ́rìí èké. Ọ̀yọ́-Ilé pàápàá, Katunga ni a kọ ọ́ sí, èyí tí í ṣe orúkọ tí àwọn Haúsá ń pè é.

Ní 1830, Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ bá Odò Ọya lọ nínú ọkọ̀ títí ó fi dà sínú òkun. Ìdí tí Rennell fi nílò òkè náà ti wó. Síbẹ̀ òkè kò kúrò lórí ìwé. Ó di 1888 kí Binger, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé, tó dé ìlú Kong gan-an, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Côte d'Ivoire lónìí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí ọ̀wọ́ òkè kankan. Odidi ọdún 90 ni irọ́ fi wà lórí ìwé.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn mọ̀ pé bí a bá ta fọ́nrán òwú kan sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, àṣìṣe náà yóò bá aṣọ dé òpin.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fi Rennell nìkan ṣẹ̀sín. Nígbà kan mo ya Odò Ògùn sára pátákó, mo fi í sí ìwọ̀-oòrùn Ìsẹ́yìn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo bá a nínú ìwé kan. Gbogbo ọmọ yà á bẹ́ẹ̀, àfi ọ̀kan. Bí mo ti fẹ́ bá a wí, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí èmi àti bàbá mi bá ń lọ sí Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ni a máa ń kọjá odò náà, oòrùn a sì máa ràn sí wa lójú."

Mo mú àkísà, mo pa tèmi rẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa bi ẹni tí ó ti rin ọ̀nà náà léèrè, ìbáà ṣe ọmọdé.