Iye Tí Ó Wà Lára Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àtijọ́ ní Èkó

Ní Orégùn, lẹ́bàá Ìkẹjà, kò ṣòro láti mọ iye tí ilé iṣẹ́ kan tó. Bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ bá dákẹ́, a lè sọ ọ́ di ilé ìkẹ́rùsí tàbí ilé ìjọsìn, kí owó ilé sì tún máa wọlé. Ilé àwọn aṣòfin kò rí bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ èyí ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ Nàìjíríà àtijọ́ ní Tafawa Balewa Square, Erékùṣù Èkó.

Láti ìgbà òmìnira ní 1960 títí di ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991, nígbà tí olú-ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá, ó lé ní ọdún 31. Síbẹ̀, ìgbà méjì péré ni ìgbìmọ̀ aṣòfin fi jókòó: láti 1960 sí oṣù kìíní 1966, àti láti oṣù kẹwàá 1979 sí òpin 1983. Àpapọ̀ rẹ̀ kò pé ọdún 10. Ní ìgbà yòókù, àṣẹ àwọn ológun ni òfin.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ohun ìní aṣòfin fi níye lórí. Èkíní ni ti ilẹ̀ àti ilé, tí a lè fi owó díye lé. Èkejì ni ẹ̀tọ́ ará ìlú láti bi ìjọba léèrè bí ó ti ń náwó wọn. Ìbọn kò gbé ilẹ̀ náà lọ. Ẹ̀tọ́ yìí ni ó gbé lọ. Òpìtàn tí ó bá ka ti owó nìkan, ìdajì ni ó kà.