Ìwé-Ẹ̀rí Kì í San Ìṣákọ́lẹ̀: Ẹ̀kọ́ Girama àti Yunifásítì ní Modákẹ́kẹ́

Ilé-ìwé girama àti yunifásítì dé ẹ̀gbẹ́ Modákẹ́kẹ́ kí àǹfààní wọn tó wọlé tọ ará ìlú náà. Modákẹ́kẹ́ àti Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà síra. Ilé ló ń fara ti ilé. Síbẹ̀, bóyá ọmọ máa kàwé kọjá ìwé mẹ́fà tàbí kò ní kà á, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ogun àti kòkó ló ti ń pinnu rẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá ńlá.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń tú, ní ọ̀rúndún 19, ló tẹ ìlú náà dó. Ọ̀dọ̀ àwọn Ifẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ sí, kí Ọọ̀ni Abewéilá tó fún wọn ní ibùdó tiwọn. Àárín àwọn méjèèjì kò gún. Wọ́n jà ní 1849, wọ́n tún jà ní 1882. Àdéhùn àlàáfíà 1886, tó wà fún píparí ogun Kírìjì, ní kí àwọn Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó di 1909 kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó mú un ṣẹ. Ìlú tú. Àwọn kan lọ sí Òde-Òmù, àwọn mìíràn sí Gbọ̀ngán àti Ìkirè, ó sì tó nǹkan bí 1922 kí wọ́n tó padà.

Ọdún mẹ́tàlá yẹn ṣe pàtàkì fún ìtàn ẹ̀kọ́ ju bí àwọn òpìtàn ṣe máa ń kà á sí lọ. Àsìkò náà gan-an ni àwọn ìlú Yorùbá ńláńlá ń dá ilé-ìwé girama sílẹ̀. Èkó ti ní CMS Grammar School láti 1859. Abẹ́òkúta dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1908, Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde ní 1913, Oǹdó ní 1919. Nígbà tí Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde àti Oǹdó ń dáwó, tí wọ́n ń wá olùkọ́, Modákẹ́kẹ́ kò sí lórí ilẹ̀. Ìlú tí òrùlé rẹ̀ ti wó kì í sọ̀rọ̀ girama.

Nígbà tí wọ́n padà dé, iṣẹ́ kòkó ni wọ́n gbájú mọ́, lórí ilẹ̀ tí àwọn Ifẹ̀ jẹ́ onílẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, kòkó ni wọ́n sì fi ń san án. Bí owó kòkó ṣe ń gòkè ní àwọn ọdún 1940 ni ìjà lórí ìṣákọ́lẹ̀ náà ń le sí i. Ibí yìí ni ó jọ pé ìfẹ́ àwọn ará Modákẹ́kẹ́ sí ìwé ti ta gbòǹgbò. Oko lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni, wọ́n sì lè lé èèyàn kúrò nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́; ojú wọn ti rí méjèèjì. Sátífíkéètì ò ní onílẹ̀ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ogun bá dé, apá ni a ó há a mọ́.

Ní 1932, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, tó gorí ìtẹ́ Ọọ̀ni ní 1930, dá Oduduwa College sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ìgbà náà ni ilé-ìwé girama tó bọ́ sí ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ fún ọmọ Modákẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n owó ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kòkó sì ni kọ́kọ́rọ́. January ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láyé ọjọ́un, ìyẹn lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ bá ti ká kòkó tó pọ̀ jù lọ tán. Wọ́n á la èso náà, wọ́n á kó hóró rẹ̀ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà kó lè kan, wọ́n á sá a lórí ẹní títí tí yóò fi máa dún wooro bí wọ́n bá fọwọ́ rò ó, kí wọ́n tó gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Kí Kérésìmesì tó dé, bàbá ti mọ iye ọmọ tó lè rán lọ. Ìgbà míì, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ọkùnrin sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kòkó ò bá ṣe dáadáa, àwọn kan á fi oko dógò kí orúkọ ọmọ má bàa kúrò nínú ìwé. Lẹ́yìn owó ilé-ìwé, àpótí, korobá, àdá àti aṣọ ilé-ìwé ṣì wà nílẹ̀ láti rà.

January 1955 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé àbá náà wá sí ilé aṣòfin ní 1952. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló kọ́kọ́ yọ̀. Ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà tí ìjọba bù lé owó orí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí àwọn àgbẹ̀ nínú, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, pàdánù ìbò àpapọ̀ 1954 ní ẹkùn tirẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ọmọ ya wọlé: nǹkan bí 457,000 ló wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di 811,432.

Girama kò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn. Ilé-ìwé módà ọlọ́dún mẹ́ta ni ìjọba ṣe fún àwọn tí owó girama kò ká. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ lè lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, títí tí yóò fi gba Gíréèdì Tuu, ọ̀nà yìí sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ gbà di ẹni tó ń gbowó oṣù. Kò pẹ́ tí iyì módà fi wálẹ̀. Àwọn tó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 parí ìwé mẹ́fà ní ìparí 1960, wọ́n sì bá ìgboro tó kún fún ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ìwé tó ń sọ èèyàn di akọ̀wé lánàá kò tó nǹkan mọ́.

Yunifásítì Ifẹ̀, tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin dá sílẹ̀ ní 1961, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní October 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244, ó sì kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní January 1967, nígbà tí H. A. Olúwasanmí jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní 1975. Ní 1987 ni wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Ohun tó kọ́kọ́ kan Modákẹ́kẹ́ níbẹ̀ ni iṣẹ́ oṣù, ilé tí wọ́n ń fi háyà àti ọjà tó tà. Ìjókòó nínú kíláàsì ṣòro jù bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò ṣe girama kò lè débẹ̀.

Ọ̀nà girama là ní 1979, nígbà tí ìjọba Bọ́lá Ìgè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ fagi lé owó ilé-ìwé girama. Ilé-ìwé tuntun hù káàkiri, olùkọ́ kò tó, kíláàsì kún àkúnya. Àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ètò náà nítorí èyí gbàgbé pé àwọn ọmọ tó kún kíláàsì yẹn, oko ni wọn ì bá wà.

Ogun tún padà. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní 1981 àti 1983, ó sì wá burú jù lọ láti 1997 di 2000, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà dá yánpọnyánrin sílẹ̀. Ilé-ìwé tì. Ọmọ tí kíláàsì rẹ̀ wà ní òdìkejì kò lè kọjá, ìdánwò Wáẹ̀kì kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó ọmọ wọn lọ sí ìlú mìíràn, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá ńlá wọn ti ṣe ní 1909.

Lónìí, ìdánwò ni ìdènà tó kù. Jám̀bù, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ló ń gbé ìdánwò àṣewọlé yunifásítì kalẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú 100 àyè wà fún ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù lọ, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbèrú. Ní ti yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń pín ìdá 35 náà. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ tí okadà lè gbé dé ẹnu géètì rẹ̀ láìpẹ́, orí ìlà kan náà ni òun àti ọmọ Badagry wà.